Lẹ́tà ṣíṣí sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun: ẹ jẹ́ kí a mọ ìtàn àwọn aṣòfin tó ti ìdí òwò wá

Òṣogbo,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Sí Ọlọ́lá Abẹnugan àti gbogbo ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun,

Ẹ̀yin àgbààgbà wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Oníṣòwò aṣọ ni mí lágbègbè Ọjà Ọba nílùú Òṣogbo, mo sì wà lára àwọn tó ń tẹ̀ka láti yan ọmọ ilé yín nígbàkígbà tí ìbò bá dé. Ohun tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín kò gba owó púpọ̀, kò sì gba òfin tuntun. Mo fẹ́ kí ilé yín máa kọ ìtàn ayé àti iṣẹ́ ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní kíkún, kí ìwé náà sì wà níbi tí ará ìlú ti lè kà á. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ẹ̀yin 26 tí ẹ wà nínú ilé, ṣùgbọ́n ó kan àwọn tó ti ìdí òwò wá jù lọ, nítorí pé òwò kì í tán lọ́wọ́ ènìyàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá búra fún un, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ ibi tí òwò náà dé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nísinsìnyí ni pé sáà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023 yóò parí ní 2027, kí ó sì tó parí, ìwé ìpolongo yóò ti gba ìlú kan. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kan wà níwájú mi bí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, láti ìgbà ìbò kan tó ti kọjá sẹ́yìn. Ojú ewé kan ṣoṣo ni. Fọ́tò olùdíje nínú agbádá wà lápá òsì, ìtàn rẹ̀ sì wà lápá ọ̀tún. Wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, agboolé bàbá rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama tó lọ. Wọ́n ní ó kọ́ òwò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀bù kan bẹ̀rẹ̀, ó ti di alákòóso àgbà ilé-iṣẹ́ tó ń ta èlò ilé kíkọ́, ó láàánú àwọn opó, wọ́n sì ti fi oyè dá a lọ́lá. Ibẹ̀ ni ìtàn náà parí sí. Ọkùnrin náà wọlé, ó lo ọdún mẹ́rin, ó tún jáde fún ìgbà kejì, gbogbo ohun tí ìwé tuntun sì fi kún ti àtijọ́ kò ju pé ó pín ẹ̀rọ ìránṣọ fún àwọn obìnrin, ó sì ra tiransifọ́mà fún àdúgbò kan.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 104, sọ pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó fún ọjọ́ 181 ó kéré tán lọ́dún. Láàárín ọdún mẹ́rin, ìyẹn lé ní 700 ọjọ́. Àbá wo ni ó dá ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn? Ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó wo ni ó wà? Nígbà tí ètò ìṣúná dé iwájú ilé, ìlà wo ni ó bi kọmíṣọ́nnà léèrè? Ẹni tó mọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí ènìyàn ní, tí kò mọ ohun kan ṣoṣo tó sọ nínú ilé, kò tíì mọ ìtàn aṣòfin náà. Ìtàn oníṣòwò ni wọ́n sọ fún un.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń bẹnu àtẹ́ lu oníṣòwò tó bọ́ sínú òṣèlú. Òwò ló sọ Òṣogbo di ohun tó dà. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé ibí ní 1907, aró àti aṣọ ni wọ́n fi mọ̀ wá. Nígbà tó dé, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó wá kọ́ ilé ìkẹ́rùsí sí tòsí ibùdó rélùwéè, kòkó àti èkùrọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti láti àwọn ìlú tó yí wa ká. Àwọn oṣómàáló Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọn kì í sì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san owó wọn, kò ṣàjèjì sí ìgboro wa.

Láti inú irú ayé bẹ́ẹ̀ ni olóògbé Ọdẹ́lẹ́yẹ Fádáhùnsi ti jáde. Wọ́n bí i ní 1901. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe, kí ó tó bọ́ sídìí òwò, kí ó sì tó di ẹni tó ń darí ilé-iṣẹ́ òwò àti ọkọ̀ akẹ́rù tí àwọn Ìjẹ̀ṣà dá sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìbò sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní 1951, ó wọlé lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC, ní 1963 ó sì di gómìnà Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ipò tó wà títí àwọn ológun fi gba ìjọba ní oṣù kìíní ọdún 1966. Adégòkè Adélabú ti Ìbàdàn náà ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilé-iṣẹ́ UAC, ó sì ṣòwò kí ó tó di ọmọ ilé kan náà, kí ó sì tó di olórí àwọn alátakò níbẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣàkíyèsí ni pé ìtàn àwọn méjèèjì kò dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀. Títí di òní, ẹni tó bá wá a yóò rí ẹgbẹ́ tí wọ́n wà, ohun tí wọ́n bá jà fún àti ìwádìí tí ìjọba ṣe sí àkóso ìgbìmọ̀ ìlú Ìbàdàn nígbà tí Adélabú jẹ́ alága rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ àti àwọn tó kórìíra rẹ̀ ń jiyàn lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ní tiwa, lẹ́yìn tí aṣòfin bá ti kúrò nílé, a kì í rí ohun tí a óò jiyàn lé lórí.

Oníṣòwò tó bá dé ọ̀dọ̀ yín gbé ìmọ̀ kan dání tí amòfin tàbí olùkọ́ lè máà ní. Ó mọ iye ènìyàn tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó pàtẹ ní ọjọ́ kan. Ní ìsọ̀ tèmi, ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì á dé láàárọ̀, ẹni tó ń gba owó ìgbálẹ̀ á tẹ̀lé e, awakọ̀ tó gbé ẹrù wá láti Èkó á sì ti ka gbogbo ohun tó san lójú ọ̀nà mọ́ owó ọkọ̀ tó bù fún mi. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń kọ sínú ìwé, nítorí pé orí aṣọ ni mo ti gbọ́dọ̀ yọ ọ́, ẹni tó wá ra ànkárá ọ̀pá mẹ́fà ni yóò sì san án níkẹyìn. Àtẹ Kẹrin ìwé òfin 1999 fi ọjà, gáréèjì àti ilé ìpẹran sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n abala keje ìwé òfin kan náà sọ pé òfin tí ilé yín bá ṣe ni yóò là á sílẹ̀ bí ìjọba ìbílẹ̀ yóò ti rí, bí owó rẹ̀ yóò ti wọlé àti iṣẹ́ tí yóò máa ṣe. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó dìde lórí ìsọ̀ lọ síwájú yín ti ní àṣẹ lórí irú owó tí òun fúnra rẹ̀ ti ń san láti ọdún pípẹ́. A fẹ́ mọ̀ bóyá ó lo àṣẹ náà. Bí ó bá dìde lọ́jọ́ kan láti béèrè ìdí tí ènìyàn mẹ́ta fi ń gba owó kan náà lọ́wọ́ alágbàtà kan, ìyẹn níye lórí fún mi ju ẹ̀rọ ìránṣọ ọgọ́rùn-ún lọ, n ó sì dìbò fún un lẹ́ẹ̀kejì láìjẹ́ pé ó fún mi ní kọ́bọ̀.

Ó tún mọ ìwé owó. Oníṣòwò tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ra ọjà tuntun kí ó tó wo ohun tí ti àtẹ̀yìnwá mú wọlé, iye tó kù lọ́wọ́ onígbèsè àti èyí tó ti bàjẹ́ lórí àtẹ. Ètò ìṣúná ìpínlẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí: ohun tí a retí lésìí wà níbẹ̀, ohun tó wọlé gan-an wà níbẹ̀, àlàfo tó wà láàárín méjèèjì sì ń fẹ́ àlàyé. Abala 125 ní kí Ayẹ̀wé-owó-wò Àgbà ìpínlẹ̀ fi àbọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé yín láàárín 90 ọjọ́ tó bá ti gba ìṣirò ọdún lọ́wọ́ Akápò Àgbà, kí ilé sì gbé e fún ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó tó ń rí sí owó ìlú. Èmi gbàgbọ́ pé ìdí iṣẹ́ yìí gan-an ni ó yẹ kí àwọn oníṣòwò inú ilé jókòó sí, ju ìdí ìgbìmọ̀ èyíkéyìí mìíràn lọ. Bí wọ́n bá sì jókòó síbẹ̀, kí a kà á.

Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú mi, kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi tẹpẹlẹ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n wá gbẹ́ gọ́tà níwájú ìlà ìsọ̀ wa. Wọ́n gbẹ́ ẹ jìn tó orókún, wọ́n da yanrìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì lọ. Pákó méjì ni a fi ṣe afárá kí oníbàárà lè kọjá, àwọn ìyá àgbà kan kò sì wá ọ̀dọ̀ wa mọ́ nítorí pé ẹ̀rù pákó náà ń bà wọ́n. Bí òjò bá rọ̀, omi á kún inú rẹ̀, á ṣàn gba abẹ́ tábìlì, àdìrẹ tó wà nísàlẹ̀ á sì yọ aró sára aṣọ funfun tó bá kàn án. A béèrè agbaṣẹ́ṣe tó gba iṣẹ́ náà, àwọn tó yẹ kí wọ́n dá wa lóhùn kò dáhùn. Kò pẹ́ tí ariwo fi gba ọjà pé aṣòfin kan ni, kìkì nítorí pé ó ti ta sìmẹ́ǹtì rí. Kò sí ẹni tó lè fi ẹ̀rí múlẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ó ṣì ń ta sìmẹ́ǹtì, bóyá ó ti fa òwò náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, tàbí bóyá orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ìwé àdéhùn kankan. Ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ ọkùnrin náà mọ́ pátápátá, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lẹ̀ mọ́ ọn lára títí sáà rẹ̀ fi parí, kò sì sí ibi tí òun tàbí àwa lè nawọ́ sí láti fòpin sí i. Bí ìwé tí mo ń béèrè fún bá wà nígbà náà, ojú ewé kan péré ni à bá ṣí.

Òfin kò dákẹ́ lórí èyí. Abala 94 ní kí ẹni tí wọ́n dìbò yàn kéde dúkìá àti gbèsè rẹ̀ kí ó tó jókòó nínú ilé. Abala 98 ní kí ìlànà ilé mú un ní dandan pé ọmọ ilé tí owó tirẹ̀ bá wà nínú ọ̀rọ̀ tí ilé fẹ́ jíròrò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta, kí ilé sì pinnu bóyá ó lè dìbò tàbí kí ó dá sí i. Abala 107 kò gba ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti kéde pé kò lè san gbèsè rẹ̀ láyè láti díje, bí kò bá tíì bọ́ nínú ìdájọ́ náà. Àtẹ Karùn-ún sì kọ̀ fún aláṣẹ ìlú tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ gbogbo ìgbà láti máa darí òwò àdáni. Iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ni ó yọ sílẹ̀. Àyọsílẹ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ yìí bọ́gbọ́n mu lójú mi, nítorí pé igi kòkó kò ní dúró de ẹni tó lọ jókòó sílé ìgbìmọ̀, àmọ́ ẹni tó ń sin adìẹ púpọ̀, tó ń ta ẹyin fún ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, oníṣòwò ni òun náà, ó sì yẹ kí a mọ̀. Ẹni tí yóò fẹ́ni lójú kì í fata sẹ́nu. Ohun tí kò jẹ́ kí àwọn òfin wọ̀nyí ṣe wá láǹfààní ni pé fọ́ọ̀mù ìkéde dúkìá ń lọ sọ́dọ̀ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìwà àwọn aláṣẹ ìlú, ibẹ̀ ni ó sì ń sùn sí. Ohun tí ọmọ ilé bá sọ síta nínú ìjókòó náà kì í dé etí wa.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ilé yín pàṣẹ fún Akọ̀wé Ilé láti máa tọ́jú ìwé kan fún ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan. Kí ibẹ̀ sọ ibi tí ó ti wá àti iṣẹ́ tó ṣe, gẹ́gẹ́ bí ìwé ìpolongo ti ń sọ, ṣùgbọ́n kí ó tún sọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ní tàbí tó ní ìpín nínú rẹ̀, ẹni tó ń darí rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti búra, àti bóyá ilé-iṣẹ́ náà ti bá ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe àdéhùn rí. Kí wọ́n máa fi àbá tó dá, àbádòfin tó gbé wá, ọjọ́ tó wá sí ìjókòó àti ọjọ́ tí kò wá kún un. Ibi tó bá ti yẹra nínú ìdìbò nítorí òwò rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú, torí pé ohun ìyìn ni. Èmi kò béèrè iye owó tó wà ní báńkì ẹnikẹ́ni, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ tàbí àdírẹ́sì ilé ẹnikẹ́ni síbẹ̀.

Kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè Yorùbá pẹ̀lú. Abala 97 gbà yín láyè láti lo èdè tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì nínú iṣẹ́ ilé, bí ilé bá ti fọwọ́ sí i. Púpọ̀ nínú àwọn ìyálọ́jà tó ń kó àwọn obìnrin jáde láti dìbò lè ka Yorùbá dáadáa, wọ́n sì lè ṣírò owó ju ọ̀pọ̀ àwa tó lọ sí girama lọ. Kò yẹ kí a fi èdè tì wọ́n síta.

Ẹ̀yin ọmọ ilé tí ẹ ti ìdí òwò wá, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ fi sílẹ̀ kì í ṣe kékeré. Oníbàárà tí ènìyàn fi ọdún mẹ́wàá kó jọ lè túká láàárín oṣù mẹ́fà tí kò bá sí lójú ìsọ̀. Àwọn tí ẹ tà fún láwìn ń sọ lẹ́yìn yín pé owó ìjọba ti tó yín jẹ. Àwa náà sì ń dá kún un, nítorí pé a kì í jẹ́ kí ẹ sinmi: ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ, owó ilé-ẹ̀kọ́, gbogbo rẹ̀ ni à ń kó wá síwájú yín, bí ẹ kò bá sì fún wa, a ó ní ẹ ti gbàgbé ilé. Ohun tí a ń ṣe yìí kò dára. Ó ń sọ aṣòfin di olùpín ẹ̀bùn, ó sì ń jẹ́ kí ẹni tí kò sọ ọ̀rọ̀ kan nínú ilé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin rẹ̀ rí ohun tí yóò fi polongo. Bí ìwé tí mo ń sọ yìí bá wà, yóò ṣeé ṣe fún ẹni tó ṣiṣẹ́ nínú yín láti fi iṣẹ́ rẹ̀ han ará ẹkùn ìdìbò rẹ̀, kódà bí kò bá lówó láti pín.

Mo rọ̀ yín kí ọ̀kan nínú yín gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú ilé gẹ́gẹ́ bí àbá kí sáà yìí tó parí, kí ìwé àkọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ báyìí, kí ó má ṣe jẹ́ àwọn tó ń bọ̀ nìkan ni yóò kàn. Bí ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo àti ti Ọlọ́rundá, kí ẹ sì fi ọ̀kan sí ààfin Àtáọ́ja. Èmi fúnra mi yóò wá kà á níbẹ̀, n ó sì ka ti aṣòfin ẹkùn wa sókè fún àwọn ará ìlà ìsọ̀ wa ní ọjọ́ ìpàdé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣòwò aṣọ kan ní Òṣogbo.